Iye Tí Yèyé Kò Ná

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Oǹdó láti ra pósí Yèyé, ọkùnrin náà bi wá pé ta ló kú. Màmá mi dárúkọ wọn fún un. Ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé màmá tí wọ́n máa ń wá láti Àkúrẹ́ yẹn? Tí wọ́n máa ń gbé báàgì búlúù kọ́ apá?"

A ní àwọn ni. Ó káwọ́ lérí, ó kí wa kú ara fẹ́ra kù, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Yèyé ti wá ná pósí lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ná an fún wákàtí kan gbáko, wọ́n fi ìka gbá pákó rẹ̀ wò, wọ́n bèèrè bóyá owó rẹ̀ á wálẹ̀ tí òun bá yọ irin dídán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn bí ọdún kan, wọ́n padà wá wò ó bóyá owó rẹ̀ ti gòkè. "Mo ní, 'Màmá, ta lẹ fẹ́ ra pósí fún?' Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rà á, àwọn kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni." Iye tí òun àti Yèyé jọ fẹnu kò sí lọ́jọ́ kejì yẹn náà ló gbà lọ́wọ́ wa. Kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Màmá mi sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi ní tèmi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá tó bí màmá mi. Ọmọ Oǹdó ni wọ́n, Àkúrẹ́ ni wọ́n lọ́kọ sí, ọ̀nà Ọ̀dá ni a sì jọ ń gbé, nínú yàrá méjì pẹ̀lú kíṣìnì kékeré kan lẹ́yìn ilé. Agbálẹ̀ ni wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kéré débi pé tí wọ́n bá sọ iye rẹ̀ fún àlejò, àlejò á bèèrè pé ṣé ti ọ̀sẹ̀ kan ni. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń lọ fọṣọ fún ìdílé kan ní Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀. Màmá mi ń ránṣọ, owó aṣọ sì máa ń dé lọ́jọ́ tó bá wù ú. Èmi àti Tóbi, àbúrò mi ọkùnrin, ebi nìkan la ń mú wọlé. Bàbá wa kò sí pẹ̀lú wa, ìtàn tirẹ̀ kò sì sí nínú èyí.

Ohun tó ń dà mí láàmú láti kékeré ni pé báwo ni owó yẹn ṣe ń tó? N kò sọ pé ó ń ṣẹ́ kù o. Ó ń tó ni. Oṣù á parí, a ò ní yáwó, a ò ní sùn láìjẹun, wọn ò sì ní lé wa wálé láti ilé ìwé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní táàmù kan. Mo máa ń tẹ̀ lé Yèyé káàkiri kíṣìnì, màá máa da ìbéèrè bo wọ́n: èéṣe tí ẹ fi dá ìyẹn padà sínú ìkòkò, ta lẹ fẹ́ fún lèyí, èló lẹ rà á? Orúkọ tí wọ́n fi sọ mí nìyẹn. "Ọlọ́pàá," wọ́n á ní, "wá bá mi fẹ́ iná yìí."

Nínú gbogbo ìwà wọn, níná ohun tí wọn ò ní rà ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Tí a bá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Oǹdó, ní ilé bàbá wọn, Yèyé kì í sáré wọ mọ́tò nígbà tí a bá ń bọ̀. Wọ́n á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fíríìjì, wọ́n á bèèrè iye rẹ̀. Wọ́n á bèèrè iye bàtà, iye tẹlifíṣọ̀n, iye àga onítìmùtìmù. Wọ́n á yínmú, ọlọ́jà á dín díẹ̀, àwọn náà á fi díẹ̀ lé e, ojú á sì máa tì mí. Nígbà tó bá wá ku kí wọ́n sanwó, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ọjà á tà o." Nínú mọ́tò, wọ́n á gbé báàgì búlúù lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi ìka ṣírò, ẹnu wọn á máa mì díẹ̀díẹ̀. Ká tó dé Ọ̀wẹnà, wọ́n á ti parí, wọ́n á sì tújú ká bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lẹ́bùn.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Yèyé, kí lẹ ń kà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. "Mo fẹ́ mọ iye tí mi ò ná lónìí ni."

Ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé ni a máa ń ṣí oṣù. Yèyé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí owó náà sun ilé. Láti báǹkì ni wọ́n ti ń gba ọjà lọ, owó ilé àti owó iná nìkan ló sì máa ń bá wọn dé ilé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọ́n á to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: garì, ẹ̀wà, ẹ̀lùbọ́, epo pupa ìgò méjì, iyọ̀, ata gbígbẹ, edé. Wọ́n á fi òwú ìránṣọ màmá mi gé ọṣẹ gbọọrọ sí ọ̀nà mẹ́jọ, méjì fún ọ̀sẹ̀ kan. A ó jókòó yí ẹní náà ká, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká lè fojú wa rí oṣù náà látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo yááfì lóṣù yìí?"

Dandan ni kéèyàn dárúkọ nǹkan kan. Èmi máa ń yááfì pọfupọ́ọ̀fù tí wọ́n ń tà níwájú ilé ìwé wa. Màmá mi á yááfì irun dídì. Tóbi sọ lóṣù kan pé òun yááfì ilé ìwé, Yèyé sì gbá a létí kí àwọn fúnra wọn tó bú sẹ́rìn-ín. Tó bá kan Yèyé, ohun kan náà ni lóṣooṣù: tíì. Wọ́n fẹ́ràn tíì gan-an, èyí tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń fún wọn mu ní Ìjàpọ̀ lẹ́yìn aṣọ fífọ̀. Nílé wa, n kò rí i kí wọ́n mu ún rí.

Ọlọ́pàá kò lè dákẹ́. "Yèyé, tíì lẹ yááfì lóṣù tó kọjá. Báwo lẹ tún ṣe lè yááfì ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín?"

"Mo ti yááfì rẹ̀, àmọ́ àárọ̀ ò tíì gbọ́," ni wọ́n wí. "Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bi mí léèrè rẹ̀."

Obìnrin mẹ́wàá ló ń dá èsúsú ní òpópónà wa. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá a, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ lóṣù kan. Màmá Bọ́lá, tó ń ta garì níkòríta, ni olórí wọn. Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ kó o ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tiẹ̀ máa bá ara wọn fà á. Yèyé nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi àwọn sí ẹ̀yìn pátápátá. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, àṣé ìgbéraga ni. "Tí mo bá gbà á kẹ́yìn," ni wọ́n sọ fún mi, "kò sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn mi pé mo jẹ òun."

Ibi tí mo ti fẹ́ sọ ti ìjà wọn pẹ̀lú Màmá Bọ́lá nìyí, n kò sì lè sọ ọ́ láìsọ pé èmi ni mo fà á.

Yèyé ní kóńgò kan tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ, kóńgò páànù tí wọ́n gbé wá láti Oǹdó nígbà ìgbéyàwó wọn. Ìṣó ni wọ́n ń fi í kọ́ sí nínú kíṣìnì. Ohunkóhun tí wọ́n bá rà lọ́jà, wọ́n á tún un wọ̀n nílé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, màmá mi ní kí n gún ata gbígbẹ, aládùúgbò kan sì ti yá odó wa. Ọmọ odó nìkan ló kù. Mo bá da ata sínú kóńgò, mo gún un. Nígbà tí mo máa fi rí i, ìdí kóńgò ti yọ síta bí ikùn ọmọ tó ti yó. Ó ní etí nísàlẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó mì lórí tábìlì, ojú Yèyé kò sì ríran súnmọ́ tòsí mọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fi í kọ́ padà, mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí a máa ṣí oṣù tó tẹ̀ lé e, Yèyé ra garì lọ́dọ̀ Màmá Bọ́lá, wọ́n wọ̀n ọ́n nílé, kò kún. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé kóńgò, wọ́n ní kí n gbé garì tẹ̀ lé àwọn.

"Ìyá Bọ́lá, o ti lu ìdí kóńgò rẹ wọnú!"

"Èmi kẹ̀? Màmá, ẹ wá wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án!"

"Kí ni màá fọwọ́ kàn? Tèmi rèé. Wọ̀n ọ́n sínú ẹ̀, kí gbogbo ayé wò ó."

Màmá Bọ́lá wọ̀n ọ́n. Kò kún. Èrò tó wà níkòríta wo garì, wọ́n wo Màmá Bọ́lá, ẹnì kan sì pòṣé. Màmá Bọ́lá fi ọmọ wọn búra, wọ́n sunkún, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Àwọn oníbàárà kan kò padà sọ́dọ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá garì lọ́wọ́. Ó ti yé mi, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ̀rù sì bà mí débi pé n kò lè lanu.

Ọdún mẹ́fà ni wọn ò fi kí ara wọn. Wọ́n ṣì jọ ń dá èsúsú, èmi ni wọ́n ń fi owó rán. Yèyé á ní, "Sọ fún un pé owó rẹ̀ rèé," Màmá Bọ́lá á ní, "Sọ fún wọn pé mo ti rí i." Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ ra garì ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tàwọn ti kóńgò wọn. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tó ń tà á yí kóńgò náà sódì, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ojú Yèyé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀n ọ́n fún wọn bẹ́ẹ̀ nítorí ọjọ́ orí wọn. Yèyé kò rí ẹ̀rín náà. Wọ́n ń yìn wọ́n títí a fi délé: "Àwọn ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nìkan ló kù tó bẹ̀rù Ọlọ́run."

Ọdún tí mo pé méjìdínlógún ni ilé ìwé nọ́ọ̀sì gbà mí. Ọjọ́ Ajé ni ìwé náà dé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé mo ti san owó ìgbàwọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Owó náà ju ohun tí à ń ná lóṣù mẹ́ta lọ. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i àfi èsúsú, èsúsú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, ìkẹwàá ni Yèyé. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rò ó. Wọ́n máa ní láti lọ bẹ Màmá Bọ́lá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fẹ́ iná, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Yèyé, èmi ni mo gún ata nínú kóńgò yín."

"Nígbà wo?"

"Kí ẹ tó bá Màmá Bọ́lá jà."

Wọ́n já kóńgò náà bọ́ lára ìṣó. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìdí rẹ̀ po, wọ́n tún fọwọ́ pa á níta. Mo ti gbé ojú mi sílẹ̀ fún ìgbájú. Wọn ò gbá mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí. "Owó ọkọ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́fà," ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. "Obìnrin yẹn fi ọmọ búra níwájú mi."

Wọ́n wẹ̀, wọ́n wé gèlè tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé kóńgò. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká dúró di ọ̀sán kí èrò dín kù. Wọ́n ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a dé ìkòríta, tí èrò kún, Yèyé tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n lè bí.

Màmá Bọ́lá ké, wọ́n fo ọpọ́n garì kọjá. "Háà! Màmá! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín!"

"Jẹ́ kí wọ́n rí mi," ni Yèyé wí. "Nígbà tí mò ń bú ọ, wọ́n rí mi."

Wọ́n yí kóńgò sódì, wọ́n fi ìdí rẹ̀ han gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ilé àwọn ni àṣìṣe náà ti wá, wọn ò dárúkọ mi. Wọ́n gbé e lé Màmá Bọ́lá lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n jù ú nù, a sì yíjú sílé. Mo fa ìró wọn lẹ́yìn. "Yèyé, owó ńkọ́? Ọjọ́ Ẹtì ni o!"

"Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, tí mo sì tọrọ owó lọ́jọ́ kan náà, kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí."

Ọjọ́rú kọjá, wọn ò lọ. Inú bí mi sí wọn, kí n má purọ́. Mo rò ó pé ìgbéraga wọn ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́, n kò sì rántí pé ata tèmi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Màmá Bọ́lá fúnra wọn ló wọlé. Tóbi ti ròyìn ìwé nọ́ọ̀sì fún Bọ́lá, ọmọ wọn.

"Ẹ kú ulé o, Màmá. Èmi ni mo yẹ kí n kó èsúsú oṣù yìí. Ẹ gbà á, èmi á gba tiyín kẹ́yìn."

Yèyé gba ọ̀rá owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n tú u, wọ́n sì ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú Màmá Bọ́lá. Màmá Bọ́lá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè yí padà láéláé!" Yèyé ní ó pé, wọ́n sì fi etí ìró nu ojú wọn.

Mo san owó náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ lónìí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí owó oṣù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí Yèyé ń gbà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ Màmá Bọ́lá la tún ti ń ra garì. Mo rò pé kò ní tó wa mọ́, nítorí kóńgò ńlá ti lọ. Ó ń tó. Mo bi Yèyé bí ó ṣe jẹ́, wọ́n ní garì Màmá Bọ́lá máa ń wú. Ohun mìíràn tí kò yé mi tún ni pé lóṣooṣù, tí a bá ti ṣí oṣù, tí wọ́n sì se ẹ̀wà àkọ́kọ́, wọ́n á bu ẹ̀kún abọ́ aláwọ̀ ewé kan, wọ́n á dé e, wọ́n á ní kí n gbé e lọ fún Màmá Bọ́lá. Mo máa ń kùn. Mo ní àwa fúnra wa ò yó, ẹ tún ń há oúnjẹ kiri. Yèyé kì í bá mi jiyàn. "Gbé e lọ kó tó tutù."

Yèyé kú lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, pàápàá tí mo bá ra nǹkan tí n kò ná dáadáa. Nígbà tí owó oṣù mi wọlé lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni mo tẹ́ ẹní. Mo yááfì dátà fóònù mi, Tóbi yááfì wíwo bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó kan àyè Yèyé, èmi àti Tóbi wo ojú ara wa. Màmá mi ló dáhùn dípò wọn. "Tíì," ni wọ́n wí.

Ọjà tí mo máa ń gbà kọjá láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ra garì oṣù yẹn, iye kóńgò tí Yèyé máa ń rà gan-an. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ó tán. Mo ṣírò títí, n kò rí ibi tí mo ti ṣì í. Mo bá mú owó tó kù lọ sí ìkòríta, mo ní kí Màmá Bọ́lá wọn kóńgò mẹ́ta fún mi. Wọ́n gbé kóńgò wọn sókè, wọ́n wò mí, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ti ulé Màmá ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fa kóńgò páànù kan jáde. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n mà ní kí ẹ jù ú nù, mà."

"Kí n ju èyí nù? Òun ni mo fi ń wọn ti ulé yín láti ọjọ́ náà."

"Ṣé Yèyé mọ̀?"

Màmá Bọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ta ló tó tan Màmá jẹ nídìí kóńgò? Oṣù tí mo kọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n, ọjọ́ kejì ni ẹ̀wà dé. A ò sọ ọ́ sétí ara wa rí." Wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta, ó kún, ó ṣe òkìtì lórí. Wọ́n di í fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra sọ pé, "Mo fojú sọ́nà fún ẹ̀wà lóṣù yìí. Ó pẹ́ kí n tó rántí."

Ẹ̀wà tó kù nílé kò ju kọ́ọ̀pù mẹ́ta lọ. Mo sè é pátá. Mo bu ẹ̀kún abọ́ aláwọ̀ ewé, mo dé e, mo gbé e lé Tóbi lọ́wọ́. Ó wo abọ́, ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ní, "Sísítà mi, àwa fúnra wa ò ní yó o."

"Gbé e lọ," ni mo wí, "kó tó tutù."